Ẹni Tí Màámi Yóò Kúnlẹ̀ Fún

Ẹnu Marek ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ pé ẹsẹ̀ ènìyàn lè gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Póláńdì ni Marek, òun ni ọ̀gá tí wọ́n fi mí sí lábẹ́ rẹ̀ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ ní Jámánì. Òun náà ní ẹnu ẹnì kan tó ti lọ gbé ojú òfurufú tó sì padà wá lòun ti gbọ́ ọ. Bí mo ṣe gbà á ni mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín, àfi apá ibi tó kan ìyá mi. Ìyẹn ṣojú mi.

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́, nítorí pé títí di òní, tí mo bá ń sọ ọ́, inú mi a máa dùn débi tí mo fi ń fo ibi tó yẹ kí n dúró sí.

Ìlú tí mo dé yẹn tẹ́ pẹrẹsẹ bí ojú tábìlì. Òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu, wọ́n ti kìlọ̀ òtútù fún mi láti ilé. Ilẹ̀ tó tẹ́ yẹn ni. Ìbarà ni wọ́n bí mi sí, l'Ábẹ́òkúta. Láti ilé wa dé ibi tí a ti ń pọn omi, òkè ni. Láti ibẹ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì, òkè mìíràn ni, àpáta sì wà láàárín. Nígbà tí mo wá ń rìn kiri ní ìlú àwọn ará Jámánì, ṣe ni ẹsẹ̀ mi ń wá òkè tí yóò gùn, tí kò rí.

Ohun kejì tó yà mí lẹ́nu ni ìyá àgbàlagbà kan. Mo rí i nídìí ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀, ó ti ọjà bọ̀, báàgì wà ní ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún, báàgì wà ní ọwọ́ òsì, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti tẹ̀. Kí ni ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé yóò ṣe? Mo sáré lọ bá a, mo tẹríba, mo na ọwọ́ sí ẹrù. Ìyá já a gbà mọ́ mi lọ́wọ́. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò gbọ́, ojú rẹ̀ sì bá mi túmọ̀ rẹ̀ kíákíá. Àwọn tó wà níbẹ̀ ń wò mí bí ẹni ń wo olè.

Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́, mo sín ọ̀rọ̀ náà jẹ fún Marek bí mo ṣe gbọ́ ọ létí. Marek rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

"Ó ní òun kò tíì kú," ló wí. Gẹ̀ẹ́sì tí àwa méjèèjì ń fọ́ lẹ́nu náà la fi ń bára wa sọ̀rọ̀.

Mo pe ìyá mi lórí fóònù lọ́jọ́ náà. Mo ní, "Màámi, àwọn ará ibí yìí kò mọ àgbà o. Àgbàlagbà ń ru ẹrù, ọ̀dọ́ ń wò ó."

Màámi ní, "Ẹ̀yin tí ẹ débẹ̀, ẹ bá wọn mọ̀ ọ́n."

*

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún ará ilé tí yóò fi yé e. Àwọn tí ara wọn le ni mo ń tọ́jú. Ilé ńlá kan ni, tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti ń wádìí ohun tí òfurufú ń ṣe sí ara ènìyàn. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n lè rán ènìyàn lọ sókè ọ̀hún, nítorí náà, wọ́n á wá àwọn tó bá gbà, wọ́n á ní kí wọ́n wá dùbúlẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì náà dagun díẹ̀, ọ̀nà ibi orí lọ sílẹ̀, ọ̀nà ibi ẹsẹ̀ ga. Ẹni tó bá ti dùbúlẹ̀ kò gbọdọ̀ dìde, ìbáà ṣe láti jẹun, ìbáà ṣe láti wẹ̀, títí wọn yóò fi ní ó tó. Èmi ni mò ń ti bẹ́ẹ̀dì wọn, tí mò ń fọ orí wọn, tí mò ń gbé oúnjẹ fún wọn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo wọ yàrá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lukas. Mo rí i lórí ìdùbúlẹ̀, ẹnu mi ò gbọ́: mo ní Ọlọ́run yóò wò ó sàn. Ó wojú mi. Ó ní, "Kò sí nǹkan tó ń ṣe mí." Mo ní mo mọ̀, mo kàn ń gbàdúrà ni. Ó ní kí n gbà á fún bọ́ọ̀lù tí wọ́n fẹ́ gbá lálẹ́.

Màámi fẹ́ mọ iṣẹ́ tí mo rí. Mo sọ fún un.

"Kí ló ń ṣe wọ́n tí wọ́n fi dùbúlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan tó ń ṣe wọ́n, Màámi. Ṣe ni wọ́n ń ṣe bí ẹni tó wà lójú òfurufú."

  Màámi ní, "Bàbá mi, ṣé ò ń jẹun dáadáa?"

Marek ló wá là á yé mi. Ó ní ní òkè ọ̀hún, kò sí ohun tó ń tẹ ènìyàn mọ́lẹ̀. Ènìyàn á máa léfòó kiri bí ìyẹ́ adìyẹ, ìka kan ló máa fi ti kọ́bọ́ọ̀dù. Ìgbádùn ni, àbí? Ó ní ara ènìyàn ahun ni, kì í bọ́ ẹni tí kò ṣiṣẹ́. Bó bá ti rí i pé ẹsẹ̀ kò gbé nǹkan kan mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹran ara rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó wà lẹ́yìn ojúgun a lọ, itan a tẹ̀ lé e, iṣan ẹ̀yìn a tẹ̀ lé e, egungun pàápàá a bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́.

Mo ní, "Kí wá ni wọ́n ń ṣe sí i?"

Ó ní, "Wọ́n ń sáré."

"Níbi tí kò sí ilẹ̀?"

Ojú Marek tàn. Ọ̀rọ̀ tó máa ń fẹ́ kí wọ́n bi òun nìyẹn. Ó ní wọ́n á di ìgbànú ńlá mọ́ èjìká àti ìbàdí, okùn rọ́bà á máa fa ènìyàn wálẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ tó ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀, á sì máa sáré lórí rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìgbésẹ̀ kan péré, á ti kan àjà. Kẹ̀kẹ́ náà wà, kò ní ìjókòó, nítorí ẹni tó ń léfòó kì í jókòó. Irin tí àwọn géńdé ń gbé nílẹ̀ níbí, kò wúlò lọ́hùn-ún, ìyẹ́ náà ni irin níbẹ̀. Nítorí náà, wọ́n ṣe ẹ̀rọ kan tó ní àgbá tí wọ́n ti fa atẹ́gùn inú rẹ̀ tán. Bí o bá fà á, á fà ọ́ padà. Wọ́n á gbé ọ̀pá rẹ̀ lé èjìká, wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á nà ró, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Bíi wákàtí méjì lójúmọ́. Síbẹ̀ náà, nígbà tí wọ́n bá padà wálé, wọ́n á ní láti di ènìyàn mú kí wọ́n tó lè rìn.

Ẹ wo èmi Ẹ̀gbá níwájú rẹ̀, ẹnu mi là sílẹ̀ gbàǹgbà. Gbogbo ohun tí mò ń sá fún ní kékeré, omi pípọn, òkè gígùn, ẹrù rírù, òun ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ olówó iyebíye wá kiri lókè ọ̀run. N kò lè pa á mọ́ra. Mo sọ ọ́ fún ẹni tó ń gé irun mi. Mo sọ ọ́ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa níbẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀, mo nà ró níwájú wọn, wọ́n ní iṣẹ́ ti wọ̀ mí lára.

*

Ní nǹkan bí oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, Màámi yọ̀ ṣubú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ wú. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Sístà Fọlákẹ́, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ní Òkè-Ìlewó, ló gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní egungun kankan kò ṣẹ́. Ó ní bí wíwú náà bá ti lọ, kó máa rìn díẹ̀díẹ̀.

Ní ilé wa, bí dókítà bá ní kí àgbà máa rìn díẹ̀díẹ̀, ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé kò gbọdọ̀ rìn rárá. Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì Màámi láti òkè wá sí pálọ̀. Omi ìwẹ̀ ń bá a níbẹ̀, oúnjẹ ń bá a níbẹ̀, Bíbélì ń bá a níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, kó tó kúnlẹ̀ kí i, á ti kọ́kọ́ na ọwọ́: "Màmá, ẹ má dìde o. Ẹ jókòó yín." Wíwú lọ. Ìfẹ́ kò lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, Màámi ń yangàn lórí fóònù. "Mo ti di ayaba. Wọn ò jẹ́ kí n mú ife." Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Bí mo bá dìde, ẹsẹ̀ mi máa ń gbọ̀n. Mo rò pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ó ti sú ẹsẹ̀."

Mo ní kó fi ẹsẹ̀ náà hàn mí nínú fídíò. Ó ṣí ìró díẹ̀.

Mo mọ ẹsẹ̀ yẹn. Mo ti fọ̀ ọ́ rí. Ẹsẹ̀ Lukas ni. Lukas wà lára àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n dùbúlẹ̀ láìṣe eré ìdárayá kankan, kí wọ́n lè fi wọ́n wé àwọn tó ń ṣe é. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó dìde, ó rẹ́rìn-ín sí wa, ó gbé ẹsẹ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ sì ká lábẹ́ rẹ̀ bí aṣọ. Èmi àti Marek la gbá a mú.

Màámi kò kúrò ní Ìbarà o. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ ti fi ìfẹ́ gbé e lọ sójú òfurufú, wọ́n ń gbàdúrà fún un níbẹ̀.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lójú ẹsẹ̀.

"Sístà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Màámi máa dìde."

"Kí wọ́n dìde lọ síbo?"

"Kí wọ́n kàn dìde, mà. Kí wọ́n jókòó, kí wọ́n tún dìde."

"Kí ìyá mi máa ṣe fúrọ́ọ̀gì jọ́m̀pù? Bí ọmọ sùkúù tó pẹ́ dé?"

"Ẹ gbọ́ mi ná. Àwọn tó ń lọ sí òfurufú—"

"Àwọn tó ń lọ sí òfurufú kò bí ọ. Obìnrin tó fẹsẹ̀ rìn láti ibí dé ọjà Ìtòkú kí o lè kàwé, ìgbà tó yẹ kó sinmi ni o fẹ́ kó máa jìyà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣubú, ife omi kan, ṣé o ti gbé e fún wọn?"

 Bẹ́ẹ̀ ni, n kò tíì gbé e.

"Bọ̀dá Òfurufú," ló wí, ó sì pa fóònù.

Mo bẹ Màámi fúnra rẹ̀. Ó ní, "Fọlákẹ́ á bínú. Àwọn èèyàn náà á ní mo bímọ, mi ò rí ẹni gbé omi fún mi." Mo wá rí ibi tí ọ̀rọ̀ há sí. Ìjókòó yẹn, iyì ni. Òun ni ẹ̀rí pé àwọn ọmọ yanjú.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ọkàn mi ń lọ ó ń bọ̀ láàárín ìlú méjì. Ìyá oníbáàgì tí mo káàánú, tó ní òun kò tíì kú. Ìyá tèmi tí wọ́n ń tọ́jú bí ẹyin. Mo tún ro ara mi. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, ta ni mo dọ̀bálẹ̀ fún rí? Ta ló pè mí rí pé kí n wá bá òun gbé nǹkan, kí n wá jíṣẹ́, kí n wá gbọ́ ẹjọ́ ẹni tó bínú? Ọjọ́ ìsinmi mi, n kò jẹ ẹnikẹ́ni ní ìbẹ̀wò. Bí mo bá fẹ́, mo lè sùn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ohun tí mò ń pè ní òmìnira nìyẹn, àṣé èmi náà ń léfòó. Fóònù ilé nìkan ni okùn rọ́bà tó ń fà mí wálẹ̀, ó sì máa ń dùn mí léjìká.

*

Lukas ni kò jẹ́ kí n sọ̀rètí nù. Wọ́n ti ń kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ padà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Marek dúró níwájú rẹ̀, Lukas di irin ẹ̀gbẹ́ ògiri mú, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń dìde, ó tún ń bẹ̀rẹ̀, ó rọra ń sọ orí kalẹ̀. Mo bú sẹ́rìn-ín.

Marek ní, "Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

Mo ní, "Ó ń kí ọ. Ó ń ṣe bí ìyàwó ilé wa. Ó yẹ kí o dá a lóhùn."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò lẹ́nu mi tí ẹ̀rín fi dá.  Nítorí ohun tí Lukas ń ṣe yẹn, gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni Màámi fi ń ṣe é. Nígbà tí mo wà ní kékeré, láàárọ̀, á kúnlẹ̀ fún ìyá bàbá mi, á dìde. Á kúnlẹ̀ fún àbúrò bàbá mi tó ń lọ síbi iṣẹ́, torí ọkọ ló ń pè é, á dìde. Kó tó dé ìdí ààrò, á ti kúnlẹ̀ fún gbogbo ilé. Kò sí ẹ̀rọ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn tó ń kúnlẹ̀ fún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Màámi di àgbà ilé. Gbogbo ayé wá ń kúnlẹ̀ fún un, òun kò wá ní ẹni tó lè kúnlẹ̀ fún mọ́.

Àfi ẹnì kan. Ìyá Òṣíẹ̀lẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Ìyá Òṣíẹ̀lẹ̀, ọmọ ilé gan-an. Òun ló gba Màámi lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tí wọ́n mú un wá sílé bí ìyàwó, kò sì tíì yé gba ìkíni láti ọjọ́ náà. Títí di ìsinsìnyí, oko ẹ̀gẹ́ ló ń lọ ní Òṣíẹ̀lẹ̀. Mo pè é.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà."

"Ta nìyẹn? Òyìnbó ilé wa? Èmi rò pé yìnyín ti bò ọ́ mọ́lẹ̀."

Mo sọ ohun gbogbo fún un, kò sí èyí tí mo fi pamọ́. Mo sọ ti òfurufú, mo sọ ti Lukas, mo sọ ti ẹsẹ̀ Màámi. Ó gbọ́ mi tán.

"Nítorí náà, ìyàwó mi ti ń jókòó kí àlejò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Bí èmi náà bá wọlé, á jókòó kí mi?"

"Sístà Fọlákẹ́ kò ní jẹ́ kí wọ́n dìde, mà."

 Ó ní, "Ọ̀la ńkọ́?"

Mo ti bi obìnrin tó ń kọ́ Lukas ní ìrìn léèrè. Mo wá sọ ohun tó wí fún un: kí Màámi má tíì kan orúnkún mọ́lẹ̀, kó kọ́kọ́ máa dìde ná, kó di nǹkan mú, kí ènìyàn wà nítòsí.

Ìyá Òṣíẹ̀lẹ̀ ní, "Èmi ni o fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba ìyàwó sílé?"

*

Lọ́jọ́ kejì, orí fídíò ni èmi àti Màámi wà nígbà tó dé. Màámi gbé fóònù ti ìgò omi lórí tábìlì, mo sì ń rí pálọ̀ látòkè délẹ̀. Ìyá Òṣíẹ̀lẹ̀ wọlé, báàgì gààrí wà lórí rẹ̀. Kò sọ ọ́ kalẹ̀. Ó dúró láàárín ilé.

Ẹ̀gbọ́n mi sáré dé. "Ẹ káàbọ̀, mà. Màámi, ẹ má dìde o."

"Fọlákẹ́, ta lò ń bá wí?" ni Ìyá Òṣíẹ̀lẹ̀ wí. Ó yí ojú sí Màámi. "Ìyàwó. Ìjókòó lo fi ń kí mi?"

"Ẹ má bínú, ọkọ mi. Ẹsẹ̀ ni."

"Ẹsẹ̀ wo? Èyí tó gbé ọ wọ ilé bàbá mi? Di apá àga mú."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ó ti ń bọ̀ wá. Ìyá Òṣíẹ̀lẹ̀ fi ọwọ́ kan dá a dúró. Ó ti súnmọ́ Màámi tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé bí Màámi bá ṣubú, àyà rẹ̀ ló máa ṣubú lé. Ẹrù gààrí ṣì wà lórí.

Màámi di àga mú. Mo rí i tó gbéra, tó padà jókòó, tó tún gbéra. Èmi náà ti dìde ní Jámánì láìmọ̀. Màámi nà ró. Ojú rẹ̀ ń wá ojú ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ bí ti ìyàwó tuntun.

"Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi."

"Ohun tí mo bá wá nìyẹn. Jókòó."

Màámi jókòó, ó ń mí. Ìyá Òṣíẹ̀lẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀, ó yí padà, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde lọ.

"Ṣé wọ́n ń bínú ni?" ni Màámi bi wá.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá Òṣíẹ̀lẹ̀ tún wọlé. "Mo ti dé o."

Màámi wò ó. "Ọkọ mi, ṣé kò sí?"

"Àlejò wọlé, ò ń bi í pé ṣé kò sí?"

Ni Màámi bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tó ti ṣubú. Ó di apá àga mú. Ó tún dìde.

Ìyá Òṣíẹ̀lẹ̀ kò padà sílé lọ́jọ́ náà. Ó ní gààrí òun kò tíì tán. Bó bá lọ sẹ́yìnkùlé, tó bá padà dé, ó ti dé nìyẹn, ìyàwó á dìde. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi sọ̀rọ̀ ní gbogbo àkókò yẹn. Ó kàn ń fi fídíò ránṣẹ́, kò kọ nǹkan kan sí i. Nínú fídíò kan, Màámi di àga mú pẹ̀lú ọwọ́ kan ṣoṣo. Nínú òmíràn, ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó dìde. Mo fi wọ́n han Marek. Marek pe àwọn dókítà ibi iṣẹ́ wa kí wọ́n wá wò ó, gbogbo wọn dúró yí fóònù mi ká, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún Ìyá Òṣíẹ̀lẹ̀.

Ní ọjọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀gbọ́n mi ló pè mí fúnra rẹ̀. Kò kí mi.

Ó ní, "Wọ́n lọ gba oúnjẹ Olúwa níwájú pẹpẹ. Wọ́n kúnlẹ̀. Mo na ọwọ́ kí n gbé wọn dìde. Wọ́n gbá a dànù."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ṣé mo rí òkú níbẹ̀ ni." Ohùn rẹ̀ ń fọ́, n kò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín. "Wọ́n ti ní kí n bá àwọn gbé bẹ́ẹ̀dì padà sókè. Bọ̀dá Òfurufú, ẹ kú iṣẹ́."

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo tún pàdé ìyá oníbáàgì. N kò na ọwọ́ sí ẹrù. Mo kí i, mo bá a rìn bó ṣe ń rìn, jẹ́jẹ́. Nígbà tí a dé ìkóríta, ó dúró, ó wò mí, ó sì fi báàgì tó fúyẹ́ jù lé mi lọ́wọ́. Ó di èyí tó wúwo mú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ta ni ẹ sọ fún láàárọ̀ òní pé kó má dìde?